Oyin Wọ Apá Bàbá Ìlérí

Ọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé:
rọ́bà funfun ẹlẹ́nu méjì,
ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun rẹ̀ bí yẹtí tí ẹnikẹ́ni kò rà.
Nọ́ọ̀sì Ohúnene kìlọ̀ fún mi ní Lọ́kọ́ja:
"Ìyá, omi ò gbọdọ̀ kàn án.
Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni.
Ibi tí oògùn ń gbà wọlé, olè náà mọ̀ ọ́n."

Olè dé lóṣù kejì.
Ibà. Òtútù. Eyín ń lu eyín
nínú ọkọ̀, láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì l'Ọ́bàjànà.
Mo tú ìró mi méjèèjì bò ó, ó ṣì ń gbọ̀n.

Dókítà ya àwòrán sẹ́yìn káàdì.
Ó ní a lè ri rọ́bà mìíràn sábẹ́ awọ àyà;
ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ilé àyágbé ni.
A lè fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so iṣan pọ̀ nínú apá;
ó yá, ṣùgbọ́n ó máa ń dí.
Tàbí ká mú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ,
ká mú èyí tó ń gbé e bọ̀,
ká so àlọ mọ́ àbọ̀,
ká wá ní sùúrù.
"Oṣù méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, kó tó gbó.
Físítúlà lorúkọ rẹ̀."

Ọkọ mi, adẹ́mu ọgbọ̀n ọdún ní Kábà,
rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí kíndìnrín ti kọṣẹ́.
"Dókítà, ọ̀pẹ lẹ̀ ń sọ yìí.
Èyí tí a bá kánjú dá, kíkú ní ń kú.
Èyí tí a bá ń gún lójú kan ṣáá, ojú ọ̀hún á rà."
Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọ̀tún ni wọ́n mú.
Igbà rẹ̀ ti wà lórí àjà láti ọjọ́ náà.
Bọ́ọ̀lù tẹníìsì Ìlérí ló ń fún mọ́ àtẹ́lẹwọ́,
láàárọ̀, lálẹ́, títí irun bọ́ọ̀lù fi jẹ tán.

Kò gbọdọ̀ fi apá yẹn gbé garawa.
Kò gbọdọ̀ sùn lé e.
Ọmọkùnrin kan wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ládùúgbò,
ó gbé okùn ìfúnpá dé ọ̀dọ̀ wa,
mo nà tàntàn bí adìyẹ abiyamọ:
"Òsì ni! Òsì!"

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Owónúbi na ọwọ́, "Ọkùn o!"
Ọwọ́ òsì lọkọ mi fi gbà á.
Ojú àgbà yí padà.
Ó rọra ká apá ẹ̀wù,
ó gbé ìka Alàgbà lé ibi tó wú náà.
Alàgbà fa ọwọ́ yọ bí ẹni kan iná.
"Kí ló ń kùn níbẹ̀?"
Ìlérí, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló dáhùn:
"Oyin ni."

Lálaalẹ́ ni mò ń fetí lé oyin náà kí n tó sùn.
Lóru ọjọ́ kan, ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè,
iná ò sí,
mo fetí lé apá.
Kò sí nǹkan.
Mo tẹ etí mọ́ ọn.
Kò sí nǹkan.
Mo dìde, mo ń ta ràrà wá bàtà,
mo ń fọwọ́ ka owó ọkọ̀ nínú òkùnkùn,
mo ń pe Jésù, mo ń pe awakọ̀.
Ohùn rẹ̀ dún láti orí ẹní:
"Ìyá Ìlérí,
apá òsì lo gbá mú."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Mi ò lè sọ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.
Ó na ọ̀tún sí mi,
oyin wà nílé, gbogbo wọn, wọn ò lọ síbì kan.

Ọ̀la ni Ọjọ́rú. Ọkọ̀ aago mẹ́rin ìdájí.
Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì ọ̀sẹ̀ yìí ò tíì pé.